Bí Mo Ṣe Gba Yìgì Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́wọ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Sunday tí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìwó, ẹnu Bàbá Kékeré là sílẹ̀ nínú fídíò, kò sì padé mọ́.

Kò sí nǹkan tó ṣe é o. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló dúró. Àwa tá a wà ní Bruma níbí, lókè òkun, à ń wò ó tó ń ṣàdúrà lọ ràì, àmọ́ eyín iwájú mẹ́ta àti ojú kan tó dì ni àwọn tó wà nílé rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnì kan láàárín àwọn àna ń béèrè pé ṣé bàbá yìí fẹ́ sín ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré. Bàbá wa ti kú, ọ̀dọ̀ òun àti ìyàwó ẹ̀ ni mò ń gbé. Òun náà ni wálì ẹ̀gbọ́n mi báyìí, ìyẹn ni pé òun ló máa fi ẹnu ara ẹ̀ fa ẹ̀gbọ́n mi fún ọkọ lójú Ááfà lọ́jọ́ yìgì, ìyẹn Sátidé. Kò lè lọ sílé torí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún pémíìtì ẹ̀ ṣe. Inú fídíò ló ti máa sọ ọ́.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán nílẹ̀ tí Ááfà fi sọ pé tí ohùn wálì ò bá já gaara lọ́jọ́ Sátidé, òun ò ní máa dúró dè é, ìbátan bàbá wa kan tó wà ní Ìwó ló máa dípò ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ń sunkún.

"Ọkùnrin tí kò yọjú sí wa rí látìgbà tí Dádì ti kú. Òun ló máa wá fà mí fọ́kọ? Ìwọ tó ò ń tún fóònù gbogbo ayé ṣe, wá nǹkan ṣe sí i jọ̀ọ́."

Mo ní shap, kò sí wàhálà, kó fi sílẹ̀ fún mi.

Irọ́ ni, mi ò mọ nǹkan tí màá ṣe. Fóònù ni mò ń tún ṣe lóòótọ́, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Jeppestown, inú fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo sì ti kọ́ ọ, ẹnì kankan ò kọ́ mi. Àmọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa yàtọ̀. Inú wáyà tẹlifóònù àtijọ́ ló ń gbà wọlé, DSL ni wọ́n ń pè é. Fáíbà, wáyà tuntun tó ń yára, ò tíì dé búlọ́ọ̀kù wa. Tẹ́ ẹ bá ní ká lo dátà fóònù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni fúláàtì wa wà, lápá ẹ̀yìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kì í kọjá ìlà kan. Mo ní ká lọ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá Kékeré wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé àárín àwọn tí gíláàsì fóònù wọn fọ́ ni màá ti fa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọ́kọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bẹ̀rẹ̀ látorí ráútà. Ìyàwó Bàbá Kékeré, Mọ́mì ni mò ń pè é, ti fi léèsì bò ó torí eruku, ó wá gbé òdòdó oníke lé e lórí. Mo ṣí aṣọ yẹn, ráútà gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ lèyí o, kì í ṣe ìyàwó tuntun. Kí lẹ fi aṣọ bò ó lójú sí?"

"Má bú mi o. Tí eruku bá bà á jẹ́, èmi náà lẹ máa bá wí."

Ráútà wá tutù, àmọ́ kò yára. Mo wo wáyà tó ti ògiri wá, ó gùn bí okùn ìsaṣọ, abẹ́ fìrísà ló gbà kọjá, fìrísà sì ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Mo yọ ọ́, mo fi kúkúrú sí i, mo gbé ráútà sún mọ́ ògiri. Ó sàn díẹ̀, bí ẹni tó mu àgbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò, ojú ẹ̀ dì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì, ọwọ́ mi ló dùn mí, kò dun íńtánẹ́ẹ̀tì.

Wednesday, mo pe kọ́ńpìnnì íńtánẹ́ẹ̀tì wa. Ọmọkùnrin kan ló gbé e, ohùn ẹ̀ tutù bí ẹni tí kò ní ìṣòro láyé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé fóònù mìíràn wà lára láìnì yẹn?"

"Kò sí."

"Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Fóònù, fáàsì, àbí álààmù."

"Mo ní kò sí. Ṣé o fẹ́ fi ilé tí mò ń gbé hàn mí ni?"

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo sọ̀rọ̀ burúkú kan sí i, mo sì pa fóònù.

Tọ́sìdeè, mo gbàyè níbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí ní ọ̀sán, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo dojú kọ ráútà. Àfi bí mo ṣe gbọ́ gíríín, gíríín, láti yàrá Bàbá Kékeré. Mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí nílé wa, torí mi kì í sí nílé lọ́sàn-án. Bó ṣe dún báyìí, iná DSL tó wà lójú ráútà kú. Mo ń wo iná tó kú, mo sì ń gbọ́ Bàbá Kékeré nínú yàrá: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àna wa."

Mo pe Mọ́mì. "Fóònù wo nìyẹn?"

"Tẹlifóònù ẹ̀ àtijọ́ ni. Ọjọ́ tọ́rọ̀ ìgbéyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ ló gbé e jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní káwọn àna mọ̀ pé ilé gidi ni wọ́n ti ń fẹ́yàwó, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi síìmù kiri."

Ara mi wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn bi mí lẹ́ẹ̀mẹta nìyí. Ohùn tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, wáyà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Àpótí funfun kékeré kan ló yẹ kó wà láàárín fóònù àti ògiri, fíìtà ni wọ́n ń pè é, òun ló ń là wọ́n. Tí kò bá sí, wọ́n á máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Bàbá Kékeré ti ki fóònù bọ ògiri lásán.

Èèyàn kì í ṣàdédé wọ yàrá Bàbá Kékeré. Mọ́mì gan-an máa ń kan ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fóònù yín yẹn ló ń da íńtánẹ́ẹ̀tì rú."

"Fóònù tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?"

"Bó ṣe wà lára ògiri yẹn náà, sà."

"Èwo ló kọ́kọ́ dé ayé nínú àwọn méjèèjì? Ṣé àgbà ló máa wá dìde fún ọmọdé?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ inú ti bí mi kọjá ẹ̀rín. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ́ tún lanu sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé."

Mọ́mì gbá mi lẹ́yìn láti ẹ̀yìn wá. Mo mọ nǹkan tí mo ti sọ. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹnu mi ló yá jù." Ó ń wo fóònù. Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́:

"Ṣé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Sunday ni?"

Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un. Mi ò mọ irọ́ tí mo fẹ́ pa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà yẹn yọ fúnra ẹ̀. "Lọ wò ó."

Mo sáré. Nọ́ńbà tí mo fi ń wọn bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára, tí kì í pé ọ̀kan látọjọ́ yìí, ti di méje. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì torí mi ò gbà á gbọ́. Bàbá Kékeré wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ẹ̀ jáde ketekete, àlùbọ́sà ló ń gé, omi ojú ń bọ́, à ń rí i bó ṣe ń bọ́.

Àmọ́ Bàbá Kékeré ò gbà kí fóònù dákẹ́. Ó ti fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n gbọ́dọ̀ pè kó dún. Ó tọ́ sí i náà. Ní Fúráídeè mo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù ní Jeppestown. Ó tú páálí mẹ́ta kó tó rí fíìtà kan. Ó ní, "Eish, sisi, ta ló ṣì ń lo èyí?"

Mo ní, "Bàbá ìyàwó."

Mo ki fíìtà sáàárín fóònù àti ògiri, mo wá fi fóònù mi pe ilé. Gíríín. Iná ráútà ò ṣẹ́jú. Mo jẹ́ kó dún títí tí Mọ́mì fi ní kí n gba òun o. Mo tún pe kọ́ńpìnnì láti bẹ ọmọkùnrin yẹn, wọ́n ní àwọn èèyàn tó ń gbé fóònù níbẹ̀ pọ̀, àwọn ò mọ èwo nínú wọn. Ìyẹn dùn mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àgbà láti mọ́sálásí kún pálọ̀. Èmi jókòó ti ráútà. Mo ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan wáyà, àgbà ni o, ọmọdé ni o, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Nínú fídíò, ìbátan wa yẹn ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ááfà, ó wọ agbádá tuntun, ó ń ká apá ẹ̀ sókè, ó ń dúró de ìgbà tí a máa dì.

Ááfà béèrè wálì. Bàbá Kékeré wúkọ́ díẹ̀.

"Èmi, àbúrò bàbá ẹ̀, mo fà á fún ọmọ yín ní ìyàwó, lórí sàdáákì tá a jọ fohùn sí, lójú gbogbo yín."

Ọkọ ní òun gbà á. Ááfà yíjú sí àwọn ẹlẹ́rìí, ó ní ṣé ẹ gbọ́.

"A gbọ́ o. Ó dà bíi pé ilé kejì ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Ìbátan wa yẹn rọra da apá agbádá ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbòrí bojú, èjìká ẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Èmi ò sunkún o. Ìrẹsì ni mo ní kí Mọ́mì bù fún mi, kó fi ẹran méjì sí i.

Ibi tí mo ti ń jẹun ni mo ti gbọ́ tí àgbà kan láti mọ́sálásí ń sọ fún Bàbá Kékeré pé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé òun náà ti fẹ́ẹ̀ kú, ó wá ń béèrè bá a ṣe tún tiwa ṣe.

"Ọmọ mi ló ṣe é," ni Bàbá Kékeré wí. "Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Kò tiẹ̀ bi mí o. Mo gbé ẹran mì, mo ní, "Ẹ sọ fún wọn, sà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan kí n tó dé."