Fọ́tò Kan Tó Kù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ilé iṣẹ́ kan nítòsí Zone franche, ní Lomé níbí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wọn ní kí n fi ètò tuntun sórí gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì, kí wọ́n sì rí bákan náà. Mo to ohun gbogbo sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo: èdè Faransé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àmì ilé iṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Wáyà ló so àwọn yòókù mọ́ ọn. Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo wọn á gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ohun àtijọ́ inú wọn á sì pa rẹ́. Ọ̀gá kò fẹ́ fọ́tò ọmọ lójú ẹ̀rọ mọ́. "Tout pareil, kí gbogbo rẹ̀ bára mu," ló ń wí ṣáá, bí ẹni pé èmi ni mo bí àwọn ọmọ náà.

Mo ní kí kálukú wá kó ohun tó bá fẹ́ pamọ́. Wọ́n mú clé USB wọn wá, wọ́n ń ráhùn. Ẹnìkan ni kò wá: obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó sí àdúgbò Adewui. Orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é tẹ́lẹ̀. Ibà pa ọmọ náà nígbà òjò, ló bá di "Madame" lẹ́nu gbogbo wa.

Mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò bo ojú ẹ̀rọ rẹ̀ pátápátá. Kì í pa á dé mọ́, nítorí fọ́tò ọmọ náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi fọ́tò yẹn sórí clé."

"Rárá, àbúrò. Àwọn àgbà ilé ti kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n má fojú kàn án mọ́. Eléyìí nìkan ni wọn ò mọ̀."

Mo mọ àṣà náà. A kì í jẹ́ kí òbí mọ ibojì ọmọ. Síbẹ̀, inú bí mi gidigidi. Àwọn àgbà kan náà ló ń wí pé "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ. Ti obìnrin yìí kú tán, wọ́n tún sọ ọ́ nù. Mo ní mo lè yọ wáyà ẹ̀rọ tirẹ̀, kí n sọ fún ọ̀gá pé ó bàjẹ́.

"Títí di ìgbà wo? Laisse, fi í sílẹ̀. Pa á rẹ́."

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo sún iṣẹ́ ìṣirò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wo ọmọ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà mo ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Gbogbo ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, àmì ilé iṣẹ́ sì yọ káàkiri yàrá. Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà pè mí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é.

"Ṣé o rí i kí o tó pa á rẹ́?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n."

"Sọ bó ṣe rí fún mi. Wọ́n ní kí n má wò ó, wọn ò ní kí n má gbọ́."

Mo ní ó wọ aṣọ iléèwé kakí, bọ́tìnì ọrùn ti já. Mo ní èérún búrẹ́dì wà létí ẹnu rẹ̀, eyín iwájú kan sì ti ká. Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò náà, irú ẹ̀rín tí ọmọdé kì í rín sí àlejò.

Ó mi orí díẹ̀.

"Èmi ni mò ń yà á," ló wí.