Àṣírí Tó Gun Òkè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Motúnráyọ̀ ti ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Peckham, nílùú London, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó tú àṣírí òun rí. Àfi ẹ̀ẹ̀kan péré, ìṣojú mi ló sì ṣẹlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní ká lọ gbàdúrà lórí òkè. Níbo la ti fẹ́ rí òkè ní Peckham? Bá a ṣe wọ kóòṣì, bọ́ọ̀sì ńlá, lọ sí Kent nìyẹn láàárọ̀ Sátidé. Ọgbà àjàrà la gbà kọjá, irú èyí tá a ń kà nínú Bíbélì láti kékeré tá ò fojú rí rí. Lókè téńté, àwọn òkúta gàgàrà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ará àtijọ́ fi ṣe ibojì. Mo ní a ò lè máa gbàdúrà nídìí ibojì abọ̀rìṣà. Wọ́n ní kí n panu mọ́.

Méjì-méjì la máa ń rìn. Kálukú á sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn fún ẹnìkejì rẹ̀, onítọ̀hún á sì gbàdúrà náà fún un tá a bá dókè. Sínú ni wọ́n ní ká gbà á o, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu! Rosaline, ọ̀rẹ́ Motúnráyọ̀ látọjọ́ pípẹ́, ló bá a rìn. Olúbùnmi ọmọ Motúnráyọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú mi. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó tó wá. Odidi ọdún kan lọmọ yìí ò fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ gidi; kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n rẹ́ padà.

A dókè, a dijú. Àfi bí Rosaline ṣe figbe ta:

"Baba, Olúbùnmi tó fi yunifásítì sílẹ̀, tó ń tajà ní Catford, tó ń purọ́ fún wa pé òun ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, dá a padà!"

Gbogbo ojú là. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Inú bí mi débi pé mi ò lè ṣe àmín.

Motúnráyọ̀ fa Rosaline lápá. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún! Mo fọkàn tán ẹ, o wá tú àṣírí mi níwájú gbogbo church!"

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣebí prayer ni mo gbà fún un?"

"Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́, Rosaline."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Olúbùnmi sún sẹ́yìn.

"Mummy, I begged you. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Ó gba àárín àjàrà sọ̀kalẹ̀ lọ. Nígbà tá a dé inú kóòṣì, ẹ̀gbẹ́ mi ló wá jókòó sí. Motúnráyọ̀ ti fi báàgì gba àyè sílẹ̀ fún un níwájú. Báàgì yẹn ló bá a jókòó dé Peckham.