Àáró Amos

Ìbíyẹmí, àgbẹ̀ oníṣu ará Fìdítì ni. Ebè rẹ̀ kì í tóbi. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Amos àbúrò rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣe àáró: wọ́n á kọ ebè ní oko ẹ̀gbọ́n, wọ́n á sì bọ́ sí oko àbúrò. Lójú àwọn tí oko wọn bá tiwọn pààlà, Amos fi ẹsẹ̀ kan ebè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé iṣu lẹ fẹ́ gbìn sínú èyí ni, àbí ẹ̀pà?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó kan oko Amos, Ìbíyẹmí kò lọ. Amos dá nìkan lọ. Ejò ṣán an níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e délé. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ìbíyẹmí ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sọkún. Oúnjẹ tí Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ̀ bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù, obìnrin náà á sì gbé e padà. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi gbàdúrà fún un; oníṣègùn kan láti Ìwàrè fún un ní àgbo. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ni. Òun nìkan ló mọ̀ pé inú ṣì ń bí òun sí Amos. Bí inú bá ti bí i, á rántí pé òkú ni, á wá yí ìbínú náà sí ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ ju ebè kíkọ lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àníkẹ́, ìyàwó Amos, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde opó, wá bá a.

"Bàbá Mobọ́lá, ẹ káàárọ̀. Èbù iṣu ti ń hù nínú abà. Àáró ọkọ mi ṣì wà lọ́rùn yín."



"Èmi ni mo pa á, Àníkẹ́. Inú sì tún ń bí mi sí i."

Àníkẹ́ jókòó. "Inú ń bí èmi náà. Mo ní kó dúró títí inú yín á fi rọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó wá kó ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Mo máa ń bú u tí mo bá ń dáná. Tí mo bá bú u tán, màá jẹun."

Ìbíyẹmí gbójú sókè wò ó.

"Àìlọ yín kò dára, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ejò ló pa á. Ti ebè yẹn, òótọ́ ló sọ. Ebè yín kéré."

"Ebè ta ló kéré?"

"Tiyín ni, ọkọ mi."

Ìbíyẹmí dìde. Ó fa ọkọ́ rẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ nu òwú aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀, ó sì kọrí sí oko Amos.