Ogún Fíìmù fún Orúkọ Kan

Ilé onífọ́tò tó wà ní àdúgbò Ladjifarani máa ń rùn bí ọtí kíkan. Títí dòní, bí wọ́n bá ṣí ìgò ọtí kíkan nítòsí mi, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Ọkùnrin náà kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn láti bá a tọ́jú fíìmù. Bó bá ti tẹ àwòrán rẹ sórí bébà fún ọ, á ki fíìmù rẹ̀ sínú àpòòwé, á kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, á sì tò ó sínú àpótí. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ òmíràn, wàá padà wá. Ọ̀fẹ́ ni, àwa náà sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí ayé.

Ìgbà Rẹfọlúsíọ̀n nìyẹn, tí ìjọba sójà ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáràdì, títí kan àwọn tí a kì í kí. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, mo ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta aṣọ lọ́jà, mo sì gbà pé mo rẹwà. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú rédíò ẹni ẹlẹ́ni, mo yà á pẹ̀lú awò ojú ẹni ẹlẹ́ni, mo tún pe onífọ́tò wá sílé kó wá yà mí lórí alùpùpù ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá mi, pẹ̀lú òrùka fàdákà rẹ̀ lọ́wọ́, ló bá mi di etí aṣọ tí a ta sẹ́yìn mi mú lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ kì í ya fọ́tò. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí òun kó wá sílé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà, ní Sátidé kan tó yẹ kí n wà ní oko àjọro pẹ̀lú gbogbo àdúgbò. Mo ránṣẹ́ sí dẹ́lẹ́gè wa, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò, pé ibà dá mi wólẹ̀, mo sì mú ìyá mi lọ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ní ọdún tí ìyá mi kú, òjò wọlé, ó ba bébà fọ́tò náà jẹ́. Fíìmù inú àpótí nìkan ló kù tó mọ ojú rẹ̀.

Ìgbà náà ni onífọ́tò lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àpótí ti kún. Orúkọ kan kò ní ju ogún fíìmù lọ mọ́. Kí oníkálukú wá yan tirẹ̀ títí di Jímọ̀, òun á sun ìyókù. Ọkàn mi balẹ̀, fíìmù tèmi kò pé mẹ́wàá. Àfi ìgbà tí mo rántí pé nílé wa, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níta nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà láàyè. Ọ̀wọ̀ ni. Bí a gbé aṣọ fún télọ̀, orúkọ rẹ̀ ni. Bí a gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún àtúnṣe, orúkọ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbo ilé ṣe há sínú ogún fíìmù, àti ìyàwó ilé, àti ọmọ ìkókó, àti àbúrò tó ti lọ sí Nàìjíríà.

Ó yẹ kí n ti sáré lọ. Ṣùgbọ́n dẹ́lẹ́gè ti gbé àga síwájú ilé onífọ́tò, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpòòwé ìyá mi. Mo rí ara mi níwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò, tí wọ́n ń bi mí irú ibà wo ló ń lọ ya fọ́tò. Ní ọjọ́ Ajé mo gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lọ sí àdúgbò Banikanni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo tún kọjá, mo pààrọ̀ fìlà. Àwọn ará ilé wa ń lọ, wọ́n ń yan tiwọn, wọ́n ń bọ̀. Oníkálukú rò pé èmi ọmọ Ìyá á ti mú tirẹ̀.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo ki ara mi láyà. Dẹ́lẹ́gè wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kámáràdì, gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí lo fi ń kọjá níbí. Ṣé tiyín náà kún ni?"

Mo ní ó kún díẹ̀.

"Tiwa burú jù. Orúkọ bàbá mi ni gbogbo wa ń lò. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kọ èyí tá a máa mú sílẹ̀."

Ó gbé fíìmù kan sókè sójú oòrùn kí n wò ó: òun àti ìyàwó rẹ̀ tuntun. Mo ka ọjọ́ tó wà lára àpòòwé rẹ̀. Sátidé oko yẹn náà ni. Ó rí i pé mo kà á.

"Ibà mú ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ yẹn," ló wí.

Nígbà tí mo wọlé, onífọ́tò ní ogún tiwa ti pé láti àná, òun sì ti sun ìyókù kí àyè lè wà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fi inú rere yan ọ̀kan fún mi. Èyí orí alùpùpù ni, ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní báyìí, ọmọ àbúrò mi ti kó àwọn fọ́tò àtijọ́ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi í nígbà náà pé iye mélòó ni wọ́n ń gbà kó tó kún. Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́: ó ti kún, nítorí gbogbo ilé ló ń lo orúkọ tirẹ̀. Ó ní ká yọ àwọn tí kò dára kúrò, ó sì gbé èyí orí alùpùpù síwájú mi.

"Bàbá, ẹ wò ó, ọwọ́ ẹnì kan yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Ọwọ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú òrùka fàdákà, ó di etí aṣọ mú ṣinṣin kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Mo ní bó bá ṣeé ṣe, kó pa èmi rẹ́, kó fi ọwọ́ sílẹ̀.