Fèrè Oníànàmọ́ Nínú Orin Baldiri

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Baldiri Claramunt láàárín àwọn ará Katalóníà tó ń gbé Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ ànàmọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn onífèrè mọ́kànlá ń fun orin ijó sardana lọ́wọ́ nínú àgbàlá ẹgbẹ́ wọn, ni Eleuterio tó ń ta ànàmọ́ yíyan bá ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lójú títì, tí fèrè tí oru omi gbígbóná ń fun lórí ààrò kẹ̀kẹ́ náà han gooro. Baldiri, tó ń kọ orin fún wọn, ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó sáré jáde, ó di kẹ̀kẹ́ mú.

"Ọ̀gá, mélòó lẹ fẹ́?"

"N ò jẹ ànàmọ́. Fèrè ẹ ni mo fẹ́."

Eleuterio ní òun kò tíì rí wèrè tó de táì dáadáa báyìí rí.

Bẹ́ẹ̀ ni Baldiri ṣe rí, kí ni ká ti ṣe é? Kí ogun tó lé wọn kúrò nílé, ní Katalóníà, ni wọ́n ti ń sọ pé orin rẹ̀ dún bí àwo tó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Òun náà á ní àwo ọ̀hún kò ṣi ohùn. Kò pẹ́ tó fi kọ sardana tuntun tó ní fèrè Eleuterio láàárín: tó bá débẹ̀, àwọn onífèrè á dákẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì ké.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kíkà ni sardana. Àwọn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú lágbo ní láti máa ka ìṣísẹ̀, kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn lè jọ balẹ̀ nígbà tí orin bá parí. Ìtìjú gidi ni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Remei ló ń kà fún agbo wọn, kò sì ṣì í kà rí látìgbà ọmọge. Àmọ́ nígbà tí fèrè ànàmọ́ dún, Remei panu mọ́. Orin parí, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lókè.

"Ka fèrè náà mọ́ ọn, Remei," ni Baldiri wí.

"Orin ilé ni mò ń kà. Ìyẹn kì í ṣe ti ilé."

Ọdún méjìlá ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọdọọdún ni Baldiri ń gbé sardana yìí wá síbi àjọ̀dún, ọdọọdún ni orin ń parí tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹgbẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ fèrè kúrò. Ó ní kò burú, òun lè yọ ìyókù kúrò kí òun fi fèrè nìkan sílẹ̀. Remei náà fàáké kọ́rí. Eleuterio nìkan ni Baldiri sọ ohun tó ń dùn ún fún: kò sẹ́ni tó ń padà sílé mọ́ nínú wọn, ó sì wu òun kí àwọn èèyàn òun jó orin náà parí, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kí òun tó kú.

Àìsàn wá gbé e dè. Lọ́dún yẹn, orí àga ni wọ́n fi gbé e wá, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Remei wò ó. Ó wo àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta náà, tó jẹ́ pé ìlú yìí ló bí wọn sí, tó jẹ́ pé fèrè yẹn ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n fi ń sáré jáde láti kékeré. Àánú ṣe é, ojú sì tì í. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ké, ó gbóhùn sókè:

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin."

Agbo ń jó lọ. Orin parí, gbogbo ẹsẹ̀ sì jọ balẹ̀ gbì. Ariwo ayọ̀ sọ. Baldiri sunkún, ó nu ojú, ó wá ní onífèrè kẹta falẹ̀, kí wọ́n tún un jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jó o.

Kí oṣù tó parí, wọ́n sin ín. Àlùfáà ń gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan ké lókèèrè. Remei bẹ̀rẹ̀ sí í kà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì gbọ́ pé gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn òun náà ń kà. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Sùn re, Baldiri," ló wí. "A ò ṣì í kà mọ́."