Ọmọ Ìjọ Tó Jókòó Sẹ́yìn

Ọjọ́ tí Solveig Brandvold sọ fún mi pé ẹ̀sìn lòun fẹ́ kà gboyè, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. A jọ ń gbé yàrá kan ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Minisótà. Kẹ́místrì lèmi ń kà.

Mo ní, "Wọ́n tún ń ka ẹ̀sìn ni? Ṣebí wọ́n máa ń ṣe é ni."

Ó ní, "Ìwọ ṣáà máa da ásíìdì rẹ lọ."

Wọn ò pọ̀ tó ń kà á. Tábìlì kan ló gba gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Achterberg ló ń kọ́ wọn, ohun tó sì ń tẹ̀ mọ́ wọn létí ni pé ẹni tó ń ṣèwádìí ẹ̀sìn kì í sọ pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni. Kó wo ohun táwọn èèyàn ń ṣe, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ wọn, kó ṣe bí àlejò. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Solveig lára gan-an.

Ṣùgbọ́n ní abúlé wọn, láàárín àwọn àgbẹ̀ ọmọ ìjọ Lútérà, ta ló mọ irú ìyẹn? Ẹni tó bá lọ kọ́ nípa ẹ̀sìn, pásítọ̀ ló fẹ́ dà, ó parí. Ó ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò ti ní pásítọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan ń ti ọ̀nà jíjìn wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣẹ ìjọ sì ti ń sọ pé àwọn máa ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ò mikàn. Wọ́n ní Solveig ń bọ̀. Solveig ò sì lanu sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lo máa sọ fún wọn?"

"Tó bá yá."

"Yíyá wo? Ìgbà tí wọ́n bá ti rán aṣọ pásítọ̀ fún ẹ tán?"

Ọdún tó kẹ́yìn, kálukú wọn gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ ńlá lórí ìjọ kan, kó sì wá gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Láìsí i, kò sí oyè. Àfi bí ọmọ yìí ṣe lọ mú ṣọ́ọ̀ṣì ilé wọn! Èmi tí mo ní mọ́tò ni mò ń gbé e lọ lọ́jọ́ Sunday.

Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n ń jẹ oúnjẹ Olúwa. Ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí. Gbogbo ìjọ lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó wá ku àwa méjèèjì. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ta ló rí tèmi rò? Ṣùgbọ́n Solveig, tí wọ́n ṣèrìbọmi fún níbẹ̀, bírò ló mú dání. Àwọn ìyá ń yí ọrùn wò ó. Pásítọ̀ pín búrẹ́dì, ó pín wáìnì, wọ́n sì dìde. Màmá Gudrun, ìyá àgbà tó tọ́ Solveig dàgbà, kò dìde. Ó fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Pásítọ̀ dúró tì í, ó ń wúkọ́.

Ojú Solveig pọ́n. Ó rìn lọ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé e dìde. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mi ò ní í di pásítọ̀."

"Ta ló bi ọ́ nípa pásítọ̀? Orúnkún ń dùn mí. Kúnlẹ̀ jàre, kí n lè tètè dìde."

Ó kúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ mu kọfí nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Solveig sọ fún gbogbo wọn pé òun ò ní í di pásítọ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Wọn kì í pariwo níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń ro kọfí tí kò ní ṣúgà nínú. Nígbà tó yá, ìyá kan tó ń jẹ́ Arvilla Moen ní, "Ó dáa náà." Ó tún ní, "Ta ló wá máa sin wá?"

Solveig dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi sí i. Ṣebí mo ti sọ ọ́ tipẹ́!

Ní oṣù kẹta, Màmá Gudrun kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, yìnyín bo gbogbo ọ̀nà. Pásítọ̀ fi tẹlifóònù sọ pé mọ́tò òun ti há. Pósí sì ti wà níwájú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó bẹ Solveig. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó ṣí ìwé àdúrà, ó kà á. Ó ń kà á lọ títí dé ibojì, níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí.

Lọ́jọ́ tó lọ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbà kí n wá jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Achterberg ń ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn.

"Iṣẹ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n ìsìnkú kan wáyé níbẹ̀ lóṣù kẹta, o sì lọ. Mi ò rí i nínú ìwé rẹ. Kí lo rí lọ́jọ́ náà?"

Solveig ní, "Mi ò wòran lọ́jọ́ yẹn, sà. Èmi ni mo sin Màmá."