Ìsinmi Ọdún Méjì fún Ilé-iṣẹ́ Ọṣẹ Wa

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ohun kan wà tí n kì í fi ṣeré: ìwé tí a fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Bí òjò ń rọ̀, bí ó jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta péré ló wá, n óò pe orúkọ gbogbo wọn, n óò sì fi àmì sí i. Ọjọ́ tí ìjọba bá fún wa ní ìsinmi, n óò fi rúlà fa ìlà sí òkè àti ìsàlẹ̀, n óò sì fi báírò pupa kọ ÌSINMI gàdàgbà sáàárín. Àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò máa ń yìn mí fún un. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo fi ìwà rere náà ṣe.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ní Àkúrẹ́, èmi àti àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Oǹdó dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ dúdú sílẹ̀. Òun ló mọ ọṣẹ sè. Èèpo kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Bọ́lọ́rundúró ń dà nù ló máa ń sun di eérú, tí yóò fi omi rẹ̀ se ọṣẹ pẹ̀lú àdín. Èmi ni mo mọ ìwé. A forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, a sì fi Límítẹ́ẹ̀dì sí ìdí orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi béèrè ohun tí Límítẹ́ẹ̀dì wà fún. Mo ní bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ gbèsè, ohun ìní ilé-iṣẹ́ nìkan ni wọ́n lè mú, ẹnikẹ́ni kò ní wá gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

"Ti ìkòkò ọbẹ̀ kọ́," ó ní. "Ìkòkò ọṣẹ ni kí wọ́n má gbé."

"Ìkòkò ọṣẹ, ti ilé-iṣẹ́ ni."

"Á jẹ́ pé mi ò fẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì mọ́, Àǹtí."

Ó fọwọ́ sí i náà ṣá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ń fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ síbi tí a ti forúkọ sílẹ̀, mo sì ń fi ìwé owó orí sílẹ̀ lásìkò. Àfi bí àbúrò mi ṣe ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, tó kán nítan. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọdún méjì gbáko ni kò sì fi lè dúró ti iná. A kò se ọṣẹ, a kò ta ọṣẹ. Kí ni èmi olùkọ́ wá ṣe? Mo ṣí ìwé ilé-iṣẹ́, mo fa ìlà, mo fi báírò pupa kọ ÌSINMI. Ní ọdún kejì, mo tún kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ sí i, mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. N kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ síbì kankan.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ san. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ sì ní àwọn ń fẹ́ ọṣẹ dúdú kéékèèké fún yàrá àwọn àlejò wọn. Àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń jókòó ro ọṣẹ, ó sì ń pè mí kí n wá fetí sí bó ṣe ń hó, bí ẹni pé ọmọ tuntun ló ń ké. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òtẹ́ẹ̀lì kọ̀wé sí mi: kí a mú ẹ̀rí wá pé ilé-iṣẹ́ wa ń ṣiṣẹ́ lójú ìjọba, kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan wà ní Ìgbàrà-Òkè tí wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ akáńtáǹtì wa ní Ọ̀bà-Ilé, ọmọbìnrin Ìkàrẹ́ kan tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

"Mà, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ yín ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Àwọn wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba ni, mà. Ìròyìn ọdún méjì ńkọ́?"

Mo fa ìwé mi yọ nínú báàgì, mo tì í sí i pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Ó ṣí i. Ó wo ojú ìwé kan, ó wo èkejì. Ó ká ètè mọ́ eyín, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Mà, ta ló fún ilé-iṣẹ́ ní ìsinmi?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò sì sọ fún ìjọba?"

"Kí ni n bá sọ? A ò ta nǹkan kan."

"Ohun tí ẹ bá sọ náà nìyẹn. Pé ẹ ò ta nǹkan kan." Ó fi ìka nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní kíláàsì yín, bí ọmọ kan ò bá wá, ṣé ẹ ò ní kọ nǹkan sí iwájú orúkọ rẹ̀ ni?"

"N óò kọ òdo."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò kọ òdo fún ọṣẹ?"

Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, tí àwa méjèèjì fi rín in títí tí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi yọjú wò wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún ẹni tó bá fẹ́ dá irú ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò pa owó, kò bọ́ lọ́wọ́ ìwé. Ìwé kan ń lọ síbi tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òmíràn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn agbowó orí, lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ òdo ló kún inú méjèèjì. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Akáńtáǹtì tẹ ìwé ọdún méjèèjì fún wa, ó ní kí èmi àti àbúrò mi fọwọ́ sí i. Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Mo bá a níwájú ìkòkò, ó jókòó, ó ń rò ó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ti báírò pupa pamọ́. Ó dáwọ́ dúró.

"Àǹtí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pariwo ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ ní ìsinmi ni mo wà?"

"Ilé-iṣẹ́ ni mo ní ó wà ní ìsinmi."

"Èmi kọ́ ni ilé-iṣẹ́?"

Mo wo ilẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ó ti ń fi etí ìró nu ojú, ẹ̀rín ló sì ń pa á. Ó ní bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, òun ò tún ní ìdí tí òun á fi máa jí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yé.

Mo ní kí a ṣèpàdé gbogbogbòò ọdọọdún kí a tó fọwọ́ sí i. Akáńtáǹtì ti sọ fún mi pé òfin kò fi dandan mú ilé-iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó gún régé.

"Ta ni gbogbogbòò?" àbúrò mi béèrè.

"Èmi àti ìwọ."

"Wọ́n ti pé." Ó na orógùn sókè bí ẹni ń nawọ́ ní kíláàsì. "Mo dábàá pé kí alága má fọwọ́ kan báírò pupa mọ́."

"Ta ló kín in lẹ́yìn?"

"Ọṣẹ."

A kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ó ṣì wà níbẹ̀.

A fọwọ́ sí ìwé ọdún méjèèjì, mo ya àwòrán wọn fi ránṣẹ́ sí akáńtáǹtì, mo sì sun Oǹdó mọ́jú. Ní ọjọ́ Ẹtì, akáńtáǹtì pè láàárọ̀ pé àwọn agbowó orí ti gba ìwé tiwọn, a kò sì jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ó san ìtanràn ìpẹ́ níbi ìforúkọsílẹ̀, ó ní kí a máa retí. A ń retí. A gé ọṣẹ, a tún èyí tí a ti gé gé. Nígbà tí oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀-oòrùn, fóònù mi dún. Àwòrán ni: orúkọ ilé-iṣẹ́ wa, àti níwájú rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Akáńtáǹtì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé òun ti fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ní kí ọṣẹ máa bọ̀.

Àbúrò mi gba fóònù náà, ó kà á, ó dá a padà fún mi.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ pe orúkọ."

Mo tún ohùn ṣe, mo pe orúkọ ilé-iṣẹ́ wa, pẹ̀lú Límítẹ́ẹ̀dì ìdí rẹ̀.

Ó di ìkangun tábìlì mú, ó dìde lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Ó wà níbí, mà."